Òkè Tí Wọ́n Ti Wọn Ìbú Ìràwọ̀

Ní ìtòsí òkun Pàsífíìkì, ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀wọ́ àwọn òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní San Gabriel, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí àwọn àgbà ìlú tó jókòó sí ìpàdé, tí wọ́n kọjú sí gúúsù, tí wọ́n sì ń wo ìlú Pasadena àti ìlú ńlá Los Angeles nísàlẹ̀ bí ìyá àgbà ti í wo àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń ṣeré ní àgbàlá. Ọ̀kan nínú wọn ni Òkè Wilson, tí gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 5,700 ẹsẹ̀ bàtà. Òun kọ́ ló ga jù nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì sí ogun ńlá kan tí a jà lórí rẹ̀ tí akéwì yóò fi máa kì í. Síbẹ̀, lórí rẹ̀ ni ọmọ aráyé ti kọ́kọ́ mọ bí ìràwọ̀ kan, yàtọ̀ sí oòrùn tiwa yìí, ti fẹ̀ tó, ìtàn bí wọ́n sì ti ṣe mọ̀ ọ́n ni mo fẹ́ sọ.

Kí òyìnbó tó dé agbègbè náà, àwọn onílẹ̀ tí à ń pè ní Tongva ni wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ òkè wọ̀nyí. Nígbà tí àwọn ará Spéènì dé, tí wọ́n kọ́ ilé ìsìn San Gabriel sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, orúkọ ilé ìsìn náà ni wọ́n fi pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí, tí wọ́n ń sọ wọ́n ní Gabrielino, bí ẹni pé bàbá wọn kò sọ wọ́n lórúkọ kankan tẹ́lẹ̀. Orúkọ tí òkè náà ń jẹ́ lónìí, ọ̀dọ̀ Benjamin Davis Wilson ló ti wá, ọkùnrin tó ti ṣe olórí ìlú Los Angeles rí, tó sì jẹ́ bàbá tó bí ìyá George Patton, ọ̀gágun tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà ogun Hitler. Ní 1864, Wilson ń wá igi tí yóò fi kan àgbá wáìnì, ó sì la ọ̀nà tóóró kan dé orí òkè náà. Iṣẹ́ igi yẹn kò tọ́jọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò dí mọ́, orúkọ ẹni tó là á sì mọ́ òkè lára.

Ohun tó sọ òkè yìí di ààyò àwọn awòràwọ̀ ni afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ìràwọ̀ tí à ń rí tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì lójú ọ̀run, òun kọ́ ló ń ṣẹ́jú. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín àwa àti òun ló ń gbọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bí omi tó ń ṣàn ti í gbọn àwòrán òkúta tó wà nísàlẹ̀ odò. Ní agbègbè Los Angeles, afẹ́fẹ́ tútù láti orí òkun a máa rọra wọ inú ilẹ̀, a sì máa jókòó sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí omi inú àwo, pẹ̀lú kùrukùru rẹ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bò ó mọ́lẹ̀ bí ọmọrí. Orí Òkè Wilson yọ kọjá ọmọrí náà, nítorí náà afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a máa pa rọ́rọ́ lóru, ìràwọ̀ a sì dúró ṣinṣin nínú awò ju ti ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ.

Ẹni tó mọ iyì ohun tó wà níbẹ̀, tó sì fi gbogbo ara lé e, ni George Ellery Hale, ọmọ ìlú Chicago, tí a bí ní 1868. Ní oṣù Kẹfà 1903 ló gun òkè náà, ó fi awò kékeré wo oòrùn láti ibẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì tún kúrò níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó di oṣù Kejìlá 1904, owó jáde láti ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ tí Andrew Carnegie fi ọrọ̀ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Washington, ibùdó ìwòràwọ̀ sì fìdí múlẹ̀ lórí òkè. Ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n fi ru irin, pákó, símẹ́ǹtì àti oúnjẹ gòkè lójú ọ̀nà tóóró tí ẹsẹ̀ kan ń bẹ lórí ilẹ̀ tí èkejì ń wo ọ̀gbun. Nínú àwọn tó da ìbaaka lójú ọ̀nà yẹn ni Milton Humason wà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò kàwé jìnnà, tó ti ibi dída ẹran di agbálẹ̀ ní ibùdó náà, tó sì ti ibi ìgbálẹ̀ di ẹni tí a kà mọ́ àwọn awòràwọ̀ ńlá ayé. Ìtàn tirẹ̀ tó odidi ìwé kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo dá ìrìnàjò yìí fún.

Ní 1908 wọ́n gbé awò awọ̀nàjíjìn kan kalẹ̀ níbẹ̀ tí dígí rẹ̀ fẹ̀ ní 60 íǹṣì, dígí tó jẹ́ ẹ̀bùn láti ọwọ́ bàbá Hale fúnra rẹ̀. Kí èyí tiẹ̀ tó parí ni Hale ti ń ronú èyí tó jù ú lọ. John D. Hooker, oníṣòwò irin ní Los Angeles, ṣe ìlérí 45,000 dọ́là ní 1906 fún dígí tí yóò fẹ̀ ní 100 íǹṣì. Iléeṣẹ́ Saint-Gobain ní ilẹ̀ Faransé, àwọn tó mọ gíláàsì í yọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ nígbà náà, ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún. Gíláàsì tó ní àwọ̀ ewé bíi ti ìgò wáìnì ni wọ́n dà á, ìkòkò mẹ́ta ni wọ́n dà léra wọn, nígbà tó sì dé Pasadena ní 1908, wọ́n rí ìfófòó tó há sí àárín ìpele rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀kọ kò bá jinná dọ́gba. Hale banújẹ́ gidigidi. Wọ́n ní kí àwọn ará Faransé dà òmíràn, kò ṣeé ṣe. Ìgbà tó yá ni wọ́n padà sídìí èyí àkọ́kọ́, tí George Ritchey, oníṣẹ́ dígí ibùdó náà, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fi ọdún púpọ̀ lọ̀ ọ́, tí wọ́n fi ń dán an, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ejò tó ń gun àgbọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1917, ọkọ̀ akẹ́rù gbé dígí náà, tó wúwo ju tọ́ọ̀nù mẹ́rin lọ, gun òkè. Hooker kò sí láyé mọ́ láti rí i. Ó ti kú ní 1911.

Òru ìjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni wọ́n kọ́kọ́ fojú sí awò yìí. Hale wà níbẹ̀, igbákejì rẹ̀ Walter Adams wà níbẹ̀, akéwì ará Ìlú Ọba kan tí ń jẹ́ Alfred Noyes náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n kọ awò sí Júpítà, Hale wò ó, kò sọ̀rọ̀. Adams wò ó, ara rẹ̀ bù máṣọ: dípò Júpítà kan, mẹ́fà tàbí méje ni wọ́n rí, tí wọ́n gun ara wọn bí ẹja inú agbọ̀n. Ìgbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ni wọ́n gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ṣí òrùlé ilé náà sílẹ̀ lọ́sàn-án, tí oòrùn sì ti pa dígí náà gbóná. Kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe ju kí ó dúró de òtútù lọ. Wọ́n lọ dùbúlẹ̀, oorun kò kùn wọ́n. Nígbà tó ń di aago mẹ́ta òru wọ́n padà wá, wọ́n kọ awò sí ìràwọ̀ Vega, ó sì yọ ní ẹyọ kan ṣoṣo, ó ń tàn bí ojú abẹ́rẹ́ tí iná mú. Awò tó tóbi jù lọ láyé ti jí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí awò yẹn kò lè ṣe, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó ti tóbi tó, ìràwọ̀ kò ju ẹyọ tó-tò-tó lọ nínú rẹ̀. A máa ń sọ pé Àgùàlà tó ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ìbú Àgùàlà ju ìlọ́po mẹ́ta ìbú òṣùpá lọ, jíjìnnà rẹ̀ ló sọ ọ́ di ajá lójú wa. Bí Àgùàlà tó jẹ́ aládùúgbò bá lè tàn wá jẹ báyìí, kí ni ká wí nípa àwọn ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń rìn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kó tó bá wa? Afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n wọ́n, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ sì máa ń tàn ká díẹ̀ nínú awò èyíkéyìí. Nínú méjèèjì yìí ni gbogbo ìbú ìràwọ̀ ń rì sí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n ní láti wá ọgbọ́n mìíràn ju kí ó máa sọ ojú di ńlá lọ.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́ nílẹ̀. Láti 1801 ni Thomas Young, oníṣègùn ará Ìlú Ọba, ti ń fi hàn pé ìgbì ni ìmọ́lẹ̀. Bí ọmọdé méjì bá sọ òkúta sí adágún kan náà lẹ́ẹ̀kan, ibi tí orí ìgbì kan ti pàdé orí ìgbì kejì, omi a ga sí i. Ibi tí orí ìgbì ti pàdé kòtò ìgbì, omi a dákẹ́ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Bákan náà ni ìmọ́lẹ̀: jẹ́ kí ó gba ojú ihò méjì kọjá, kí ó tún pàdé ara rẹ̀, ìlà títàn àti ìlà dúdú yóò tò tẹ̀lé ara wọn bí ojú aṣọ òfì. Hippolyte Fizeau ará Faransé ló kọ́kọ́ wòye, ní 1868, pé a lè fi ìlà wọ̀nyí wọn ìràwọ̀. Bí ìràwọ̀ bá jẹ́ ẹyọ tó-tò-tó lóòótọ́, bó ti wù kí ihò méjèèjì jìnnà síra tó, ìlà kò ní parẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ìbú, apá ọ̀tún rẹ̀ yóò hun òfì tirẹ̀, apá òsì yóò hun tirẹ̀, bí a sì ti ń fa ihò méjèèjì kúrò lọ́dọ̀ ara wọn ni òfì kejì yóò máa yẹ̀ lórí èkíní, títí ìlà títàn èyí yóò fi bọ́ sórí ìlà dúdú tọ̀hún, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì di funfun gbalaja. Níbi tí ìlà bá ti pòórá, ibẹ̀ la ti ń ka ìbú ìràwọ̀. Ó wú mi lórí títí di òní pé ìgbà tí awòràwọ̀ kò bá rí nǹkan kan mọ́ ni ohun tó ń wá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́.

Édouard Stephan dán an wò ní Marseille ní nǹkan bí 1873, kò sí ìràwọ̀ tí ìlà rẹ̀ parẹ́. Ihò rẹ̀ méjèèjì kò jìnnà síra tó. Ọ̀rọ̀ náà sùn títí ó fi kan Albert Michelson.

Ní 1852 ni wọ́n bí Michelson ní Strelno, ìlú kan ní ilẹ̀ Pólàǹdì tó wà lábẹ́ Prussia nígbà náà. Ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e dé Amẹ́ríkà, àárín àwọn awakùsà wúrà àti fàdákà ní California àti Nevada ló sì ti dàgbà. Ìmọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ láti kékeré títí dé ọjọ́ alẹ́. Òun ló wọn eré ìmọ́lẹ̀ dáadáa ju àwọn tó ṣíwájú rẹ̀ lọ, òun ló sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1907, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún ọmọ Amẹ́ríkà nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀rọ tó ń mú ìmọ́lẹ̀ méjì pàdé yìí, tí wọ́n ń pè ní íntáfẹrọ́mítà, òun ló fẹ́ràn jù lọ láyé. Ní 1891 ó fi ọgbọ́n náà wọn ìbú àwọn òṣùpá Júpítà ní ibùdó Lick, ní California kan náà, lẹ́yìn náà ni nǹkan tún dákẹ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, kì í ṣe nítorí pé ọgbọ́n tán, bí kò ṣe pé kò sí awò tó lágbára láti ru ohun tó fẹ́ gbé lé e. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: Michelson ní ọgbọ́n, Hale ní òkè àti awò, Hale sì ránṣẹ́ pè é.

Wọ́n kan ọ̀pá irin kan tó gùn ní 20 ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n dá a dùbúlẹ̀ gbalaja sẹ́nu awò ńlá náà. Dígí pẹlẹbẹ mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́fà, ni wọ́n tò sórí rẹ̀: méjì ní ìkángun, tó ṣeé fà súnmọ́ tàbí fà jìnnà, tí ń gba ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí wọ́n sì ń jù ú sínú, méjì láàárín, tí ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tòde tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sísàlẹ̀. Fífẹ̀ dígí 100 íǹṣì kọ́ ni wọ́n ń wá lára awò yẹn. Agbára eegun rẹ̀ ni, tí irin wúwo yóò fi gùn ún lẹ́yìn tí kò ní mì. Gbogbo òdiwọ̀n ni wọ́n ní láti ṣe pé pérépéré, nítorí pé ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀tún rìn àti ọ̀nà tí ti òsì rìn gbọ́dọ̀ dọ́gba, bí èyí bá sì fi ohun tó kéré ju fọ́nrán irun lọ gùn ju tọ̀hún, kò sí ìlà tí ojú yóò rí. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó nípọn níhìn-ín tó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún ni wọ́n ń tì síwá sẹ́yìn láti mú méjèèjì bára dọ́gba.

Ẹni tó jókòó sídìí iṣẹ́ náà ni Francis Pease, onímọ̀ ẹ̀rọ àti awòràwọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ya àwòrán awò ńlá yẹn kí a tó kọ́ ọ, tó mọ gbogbo oríkèé ara rẹ̀ bí àgbẹ̀ ti í mọ poro oko rẹ̀. Lójú tèmi, a kò rántí rẹ̀ tó bó ti yẹ. Orúkọ Michelson ló gbòde, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n ojú Pease ló wà lẹ́nu awò lóru ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 1920 ni. Ilé awò kì í ní iná ìyáná, nítorí pé ooru yóò da afẹ́fẹ́ rú. Ṣe ni awòràwọ̀ ń fara da òtútù òkè. Pease fa dígí ìkángun méjèèjì jìnnà síra tó 121 íǹṣì. Ó kọ́kọ́ kọ awò sí àwọn ìràwọ̀ mìíràn láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ pé: ìlà wọn yọ, tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń gbọ̀n bí ewé ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀. Ó wá yí awò sí Betelgeuse, ìràwọ̀ pupa èjìká Órióní, Órióní kan náà tí ẹni tó bá ti ka ìwé Jóòbù mọ̀ lórúkọ, tí ó sì ń yọ sí wa lókè láti ìlà-oòrùn nírọ̀lẹ́ nígbà ọyẹ́. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé, ó mọ́ rokoso, afẹ́fẹ́ kò sì burú. Kò sí ìlà. Ó ti gíláàsì síwá, ó tì í sẹ́yìn. Kò sí ìlà. Ó padà sọ́dọ̀ ìràwọ̀ mìíràn, ìlà tún wà. Kò kù síbì kankan: ẹ̀rọ kò bàjẹ́, ìràwọ̀ náà ló ní ìbú.

Ìbú ọ̀hún, bí ojú ti ń wò ó láti ayé, jẹ́ 0.047 sẹ́kọ́ńdì, nígbà tí a bá pín òbìrí sí 360 dígírì, tí a pín dígírì kan sí 60 mínìtì, tí a sì pín mínìtì kan sí 60 sẹ́kọ́ńdì. Àfi bí ìgbà tí ènìyàn dúró ní Ìbàdàn tó ń wá ọmọrí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó bọ́ sílẹ̀ l'Ékòó. Wọ́n fi jíjìnnà ìràwọ̀ náà, bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n nígbà náà, ṣe ìṣirò, ìbú rẹ̀ sì di 240 mílíọ̀nù máìlì. Ìbú oòrùn wa kò pé mílíọ̀nù máìlì kan. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí! Betelgeuse, òmìrán aláṣọ pupa, gbàràmùgbaramu èjìká Órióní. Bí a bá gbé e sí ipò tí oòrùn wà, ayé tí à ń rìn lórí rẹ̀ yìí yóò wà nínú ikùn rẹ̀. Nígbà tó yá àwọn onímọ̀ tún rí i pé ó jìnnà ju bí wọ́n ti rò lọ, èyí sì túmọ̀ sí pé ó tún tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pá irin náà fúnra rẹ̀ wọ̀n, ìyẹn igun ojú, kò yẹ̀ lọ títí.

Ohun tó mú kí ìròyìn náà dùn mọ́ àwọn onímọ̀ ni pé Arthur Eddington, ará Ìlú Ọba, ti ronú rẹ̀ síwájú nínú ọdún kan náà. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà alágbẹ̀dẹ rí mọ̀ pé irin tó pọ́n kò gbóná tó irin tó ti funfun. Betelgeuse pọ́n, nítorí náà ooru rẹ̀ kò pọ̀. Síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, iná tí kò gbóná tó sì máa tàn tó bẹ́ẹ̀, àfi kí ó fẹ̀. Eddington ṣírò rẹ̀ sí 0.051 sẹ́kọ́ńdì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìrònú rẹ̀ àti ohun tí Pease rí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kí oṣù Kejìlá tó parí, ìwé ìròyìn ti gbé e káàkiri Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn Betelgeuse ni wọ́n wọn Arcturus, Antares, Aldebaran àti ìwọ̀nba díẹ̀ mìíràn, gbogbo wọn òmìrán pupa, nítorí pé ọ̀pá 20 ẹsẹ̀ bàtà kò gùn tó láti mú àwọn tó kéré. Pease wá kọ́ òmíràn tó gùn ní 50 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì kọ́ ilé fún un lórí òkè. Èyí kò yọrí sí rere. Irin rẹ̀ ń tẹ̀, ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ méjèèjì kò rọrùn láti mú dọ́gba, afẹ́fẹ́ sì ń jẹ ẹ́ níyà ju ti kékeré lọ. Michelson kú ní Pasadena ní oṣù Karùn-ún 1931, lẹ́nu wíwọn eré ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i; Pease ń bá ọ̀pá gígùn náà jìjàkadì lọ ní tirẹ̀ títí ayé rẹ̀ fi ń bọ̀ wá sópin. Ó kú ní 1938, kò sì sí ẹni tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibòmíràn ni wọ́n gbé ògùṣọ̀ náà lọ. Ní Narrabri ní ilẹ̀ Ọsirélíà, láti 1963, Robert Hanbury Brown àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọgbọ́n tó yàtọ̀, wọ́n sì fi wọn ìràwọ̀ 32. Ní 1974, Antoine Labeyrie mú ìmọ́lẹ̀ Vega láti inú awò méjì tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pàdé ní ilẹ̀ Faransé, ìlà sì yọ. Bẹ́ẹ̀ ni Los Angeles ń tóbi, tí iná rẹ̀ ń fọ́ ojú ọ̀run Òkè Wilson, títí àwọn onílé Carnegie fi ti awò ńlá náà pa ní 1985, tí àwọn mìíràn sì tún jí i lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Iná ìlú lè pa ojú ọ̀run lára, kò lè ba afẹ́fẹ́ tó pa rọ́rọ́ jẹ́, ẹni tó ń wá ìbú ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ sì ní ohun tó ń wá síbẹ̀. Ìdí nìyí tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Georgia, lábẹ́ Harold McAlister, fi gba orí òkè yẹn lọ ní 1996 láti kọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní CHARA. Awò mẹ́fà ni, tí dígí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà kan, tí wọ́n tò káàkiri orí òkè láàárín igi, tí méjì tó jìnnà síra jù fi 330 mítà jìnnà síra. Kò tún sí irin tó lè gùn tó bẹ́ẹ̀ kó má tẹ̀. Ọ̀pá onihò tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ ilé gígùn kan, níbi tí dígí orí kẹ̀kẹ́ kékeré ti ń sáré lórí irin láti mú ọ̀nà gbogbo wọn dọ́gba, iṣẹ́ tí ọwọ́ Pease ń ṣe pẹ̀lú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ nínú òtútù. Ní 2007 àwọn onímọ̀ fi í ya àwòrán ojú Altair, wọ́n sì rí i pé kò rí róbótó: ó ń yí kíákíá, kò tó wákàtí mẹ́wàá fún yíyípo kan, tí àárín rẹ̀ fi wú jáde bí ìkòkò.

Iná igbó ti yí òkè náà ká nígbà púpọ̀, ní 2009 àti ní oṣù Kẹsàn-án 2020, ti 2020 sì sún mọ́ àwọn ilé awò débi pé nǹkan bí 500 ẹsẹ̀ bàtà ló kù kí àwọn panápaná tó dá a dúró. Ọ̀pá 20 ẹsẹ̀ bàtà wà níbẹ̀ síbẹ̀, nínú gbọ̀ngàn kan tí àlejò lè wọ̀, irin tó gùn tó ọkọ̀ akẹ́rù kékeré pẹ̀lú ipò dígí mẹ́rin lórí rẹ̀. Ilé tí Pease kọ́ fún ọ̀pá 50 náà ṣì dúró láàárín igi, àwọn ọ̀pá onihò CHARA sì na ara wọn gba inú igbó kan náà lọ, wọ́n ń gbé ìmọ́lẹ̀ wálé.